Ṣé Torí Àwọ̀ Mi Ni Wọ́n Ṣe Gbé Mi Ga Níbi Iṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ni mo sì ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá lórí ènìyàn mẹ́fà, akẹgbẹ́ mi kan tó jẹ́ òyìnbó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé àwọ̀ mi ló gbé mi débẹ̀. Mo ro ẹjọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú láti Louisiana. Dípò kó bá mi kẹ́dùn, ó ní affirmative action, ìyẹn ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ní kí àwọn iléeṣẹ́ ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún aláwọ̀ dúdú, kò ṣe ìdílé òun lóore kankan. Ó ní bàbá àgbà òun fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ru ẹrù ní iléeṣẹ́ létí odò Mississippi, wọn kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan iṣẹ́ gidi kan títí tó fi fẹ̀yìn tì, pé àwa tá a ti òkè òkun dé la wá ń jẹ èrè ìyà wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ètò yìí ran àwọn tí wọ́n torí wọn dá a sílẹ̀ lọ́wọ́, àbí ńṣe ló bà wọ́n jẹ́? Ṣé òótọ́ sì ni pé wọ́n ti fagi lé e?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo kí ọ kú oríire ipò tuntun. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ọ dùn ọ́, ó sì yẹ kó dùn ọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí o kọ, ti ọ̀rẹ́ rẹ ló ká mi lára jù, ibẹ̀ ni mo sì máa pẹ́ sí.

Jẹ́ kí n ti ibi tí mo dúró sí sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn iléeṣẹ́ ṣètò bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn síṣẹ́. Ohun tó dá mi lójú ni pé ètò yìí ran àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ́wọ́ gan-an, pàápàá láàárín 1965 sí nǹkan bí 1980. Kì í ṣe pé ó gbé aláìmọ̀kan sórí àga ẹni tó mọṣẹ́. Ó fipá mú àwọn agbanisíṣẹ́ láti wá ènìyàn níbi tí wọn kò ti wá a rí, ó sì mú kí wọ́n jáwọ́ nínú àwọn ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí tí kò kan iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tó tálákà jù, àwọn tí kò tiẹ̀ sí nítòsí iléeṣẹ́ kankan, ohun tó dé ọ̀dọ̀ wọn kéré. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa tá a ti Nàìjíríà wá máa ń fi ojú federal character wo ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Federal character, tó ti wà nínú òfin ilẹ̀ wa láti 1979, ń pín ipò ìjọba láàárín àwọn ìpínlẹ̀ kí ẹ̀yà kan má baà dá a kó. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá wọ́n ti fi ẹ̀tọ́ dù ú rí. Ọmọ mínísítà àti ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n jọ wá láti ìpínlẹ̀ kan náà ń du ipò kan náà, a sì mọ ẹni tó máa wọlé. Ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwà ìrẹ́jẹ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀: wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú, nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ wọ́n tún fi òfin ká wọn mọ́ àwọn iṣẹ́ tó burú jù, wọ́n sì ṣe é fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ààrẹ John Kennedy ló kọ́kọ́ lo gbólóhùn affirmative action nínú àṣẹ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀, ní oṣù kẹta 1961. Àṣẹ náà ní kí àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ ṣe ohun tó ṣeé fojú rí kí ó lè dájú pé wọ́n ń gbani síṣẹ́ láìwo àwọ̀. Ní 1964 Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin ẹ̀tọ́ aráàlú, apá keje òfin yẹn ló ka ẹlẹ́yàmẹ̀yà léèwọ̀ níbi iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹfà 1965, ààrẹ Lyndon Johnson sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Howard pé ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n de ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, a kò lè kàn tú u sílẹ̀, ká mú un dé orí ìlà, ká wá ní kó máa bá àwọn yòókù sáré ìje, ká sì gbà pé a ti ṣe é dáadáa sí i. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ló fọwọ́ sí àṣẹ ààrẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 11246.

Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tó tẹ̀ lé àṣẹ yẹn, títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, agbaṣẹ́ṣe tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tó sì gba iṣẹ́ ìjọba tó tó 50,000 dọ́là gbọ́dọ̀ ka àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀ka iṣẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn, kó wò ó bóyá iye aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ bá iye àwọn tó mọ irú iṣẹ́ náà ládùúgbò mu. Bí kò bá bá a mu, kó kọ góńgó tó fẹ́ lé bá sílẹ̀ àti ìgbà tó máa dé ibẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kó gba ẹni tí kò mọṣẹ́. Ìyà tó wà fún olóríkunkun ni pé ìjọba lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun lórí iṣẹ́ ìjọba kò ní fẹ́ dán an wò. Ní 1967 wọ́n fi àwọn obìnrin kún un, èyí sì wà lára ìdí tí àwọn obìnrin òyìnbó fi jàǹfààní púpọ̀ nínú ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé aláwọ̀ dúdú nìkan ló wà fún.

Kí o tó mọ ohun tí ètò náà yí padà, ó yẹ kí o mọ bí wọ́n ṣe ń gbani síṣẹ́ kó tó dé. Ní Philadelphia, ní ìparí àwọn ọdún 1960, ìjọba àpapọ̀ ń ná owó rẹpẹtẹ sórí iṣẹ́ ìkọ́lé nínú ìlú tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olùgbé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Síbẹ̀, nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà tí owó wọn jọjú, àwọn bí àwọn tó ń to irin ilé gogoro, àwọn plọ́ḿbà, àwọn oníná mànàmáná àti àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè, aláwọ̀ dúdú kò tó 2 nínú 100. Kò sí àkọlé lẹ́nu ọ̀nà pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí wọn kò nílò rẹ̀. Bàbá ló ń mú ọmọ wọ ẹgbẹ́, ẹ̀gbọ́n ló ń mú àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá. Bí àyè bá ṣí, wọ́n ti sọ ọ́ lórí tábìlì oúnjẹ kí ará ìta tó gbọ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ kò ní í gbọ́ láéláé, bàbá aláwọ̀ dúdú wo ló sì máa wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ti lé e láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ìjọba Richard Nixon ló wọ inú ọ̀rọ̀ yẹn ní 1969. Àwọn tó rò pé ètò ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat nìkan ni máa ń gbàgbé ìyẹn. Arthur Fletcher, aláwọ̀ dúdú ọmọ ẹgbẹ́ Republican tó wà ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ló léwájú nínú ohun tí wọ́n ń pè ní Philadelphia Plan. Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ ìkọ́lé ìjọba ní láti sọ iye aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà kékeré yòókù tó ń lé bá. Fún àwọn tó ń to irin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 5 sí 9 nínú 100 ní 1970, kó tó di 22 sí 26 ní 1973. Àwọn agbaṣẹ́ṣe pe ìjọba lẹ́jọ́, wọ́n sì pàdánù ní 1971.

Wàyí o, Louisiana. Sọ ìtàn yìí fún ọ̀rẹ́ rẹ, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ní Gramercy, létí odò Mississippi kan náà, láàárín New Orleans àti Baton Rouge, iléeṣẹ́ Kaiser Aluminum wà níbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó 39 nínú 100 lára àwọn òṣìṣẹ́ àgbègbè náà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ 273 tó wà ní iléeṣẹ́ yẹn, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó ń jó irin, tó ń ṣe iná, aláwọ̀ dúdú márùn-ún péré ló wà níbẹ̀ títí di 1974. Ìdí rẹ̀ ni pé ìta ni Kaiser ti ń gba oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì ní àfi ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló sì ń kọ́ni, wọn kì í gba aláwọ̀ dúdú. Kí ló tún kù fún bàbá àgbà ọ̀rẹ́ rẹ ju ẹrù rírù lọ?

Ní 1974, Kaiser àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ irin jọ fẹnu kò pé àwọn máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti wà nínú ọgbà níṣẹ́ ọwọ́, ìdajì àyè náà á jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú títí iye wọn á fi sún mọ́ iye wọn ládùúgbò. Ní ọdún àkọ́kọ́ wọ́n mú ènìyàn 13: aláwọ̀ dúdú 7, òyìnbó 6. Brian Weber, òyìnbó kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju àwọn kan nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n mú, pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ní oṣù kẹfà 1979, adájọ́ márùn-ún sí méjì dá a pé òfin kò ka irú ètò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, níwọ̀n ìgbà tí iléeṣẹ́ fínnúfíndọ̀ ṣe é, tí kò lé òyìnbó kankan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó sì jẹ́ fúngbà díẹ̀.

Mo fẹ́ kí o wo àwọn òyìnbó mẹ́fà yẹn dáadáa. Kí ètò náà tó dé, àwọn náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà gbà kúrò nídìí ẹrù rírù bọ́ sídìí iṣẹ́ ọwọ́, nítorí ará ìta tó ti mọṣẹ́ ni iléeṣẹ́ ń fẹ́. Ètò tí wọ́n torí aláwọ̀ dúdú ṣe ló wá ṣí àyè fún wọn. Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà níbi iṣẹ́ tèmi. Bí ọ̀gá kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí a fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí kan fún iṣẹ́ tí kò nílò rẹ̀, àwọn òyìnbó tálákà ló máa ń tẹ̀ lé aláwọ̀ dúdú wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí yẹn tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní iléeṣẹ́ iná mànàmáná Duke Power kan ní ìlú Draper, North Carolina, aláwọ̀ dúdú 14 ló wà láàárín òṣìṣẹ́ 95, gbogbo wọn sì wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ gbígbá-ilẹ̀-ru-ẹrù. Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀ kò gba owó tó ti ẹni tó kéré jù ní àwọn ẹ̀ka yòókù. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje 1965, ọjọ́ tí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, iléeṣẹ́ náà gbé ìdánwò tuntun kalẹ̀ lórí ìwé ẹ̀rí girama tí wọ́n ti ń béèrè tẹ́lẹ̀. Àwọn òyìnbó tí kò ní ìwé ẹ̀rí yẹn sì ti wà lẹ́nu àwọn iṣẹ́ náà láti ìgbà pípẹ́, wọ́n ń ṣe é dáadáa. Ní 1971 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi ohùn kan sọ pé ohun tí a bá ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kan iṣẹ́ náà. Ní tèmi o, ìdájọ́ yìí ṣe aláwọ̀ dúdú lóore ju ọ̀pọ̀ góńgó tí wọ́n kọ sórí ìwé lọ.

Ṣé àwọn oníwádìí rí èrè rẹ̀? Wọ́n rí i, kò sì tóbi tó bí àwọn kan ṣe ń pariwo. Láàárín 1974 sí 1980, iye aláwọ̀ dúdú ń yára pọ̀ sí i ní àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba iṣẹ́ ìjọba ju àwọn tí kì í gbà á lọ. Nígbà tí ìjọba Ronald Reagan dẹwọ́ lórí rẹ̀ láti 1981, ìyàtọ̀ náà dín kù gan-an. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 ló yà mí lẹ́nu jù. Ó fi hàn pé bí iléeṣẹ́ kan bá di agbaṣẹ́ṣe ìjọba, iye aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kò tó 1 nínú 100 láàárín ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ sí i lọ kódà lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ náà kò gba iṣẹ́ ìjọba mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú un. Àlàyé tí oníwádìí náà ṣe bá ohun tí mo fojú rí mu. Iléeṣẹ́ tí wọ́n fipá mú láti wá ènìyàn kiri ti kọ́ ọ̀nà tuntun láti dá ẹni tó mọṣẹ́ mọ̀, kò sì sí ìdí fún un láti padà sí ti àtijọ́.

Ti àwọn ọlọ́pàá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ilé ẹjọ́ ló pàṣẹ fún wọn. Ní àwọn ìlú tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ìwádìí kan ní 2007 rí i pé iye aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà fi nǹkan bí 14 nínú 100 ga sí i. Àwọn tó ta kò ó ti ní ìwà ọ̀daràn máa gbòde, ṣùgbọ́n ìwádìí náà kò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Níbo ló ti kùnà? Ẹni tó ti ní ìwé tàbí tó ti wà nínú ọgbà iléeṣẹ́ ló rí jẹ níbẹ̀ jù. Àwọn tó wà ní àdúgbò tí iléeṣẹ́ ti kó kúrò, tí ilé ẹ̀kọ́ wọn kò dára, kò sí agbaṣẹ́ṣe kankan tó máa kà wọ́n mọ́ àwọn tó mọṣẹ́ ládùúgbò. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí náà kò bọ́ sásìkò. Ní 1974 iléeṣẹ́ irin ńlá mẹ́sàn-án fọwọ́ sí àdéhùn níwájú ilé ẹjọ́ pé aláwọ̀ dúdú lè kúrò ní ẹ̀ka tí wọ́n há wọn mọ́ láì pàdánù ọdún tí wọ́n ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí iṣẹ́ irin fi dojú dé, wọ́n dá ọ̀kẹ́ àìmọye dúró. Bí bàbá àgbà ọ̀rẹ́ rẹ bá ti fẹ̀yìn tì ṣáájú 1974, òótọ́ ni pé ètò náà kò bá a nílé. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá sì wọ iléeṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dá dúró, torí ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lé.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbólóhùn tí àwọn iléeṣẹ́ ń kọ sísàlẹ̀ ìpolówó iṣẹ́ tàn ọ́, èyí tó ní gbogbo ènìyàn ló dọ́gba lójú àwọn. Ní 2001 sí 2002, àwọn oníwádìí méjì fi CV tó tó 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́ ní Boston àti Chicago. Wọ́n ṣe àwọn CV náà lọ́gbọọgba, orúkọ orí wọn ni wọ́n kàn ń yí, Emily àti Greg lórí àwọn kan, Lakisha àti Jamal lórí àwọn mìíràn. Ẹni tó jẹ́ orúkọ òyìnbó fi CV bí 10 ránṣẹ́ kí wọ́n tó pè é, ẹni tó jẹ́ orúkọ aláwọ̀ dúdú fi bí 15. Àwọn iléeṣẹ́ tó kọ gbólóhùn dídùn yẹn ṣe ojúsàájú bákan náà bí àwọn tí kò kọ ọ́. Àwọn ọmọ wa tó ń gé Olúwadámiláre kù sí Dami lórí CV mọ ohun tí wọ́n ń sá fún.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí akẹgbẹ́ rẹ sọ. Ìfura náà ń dunni, mi ò sì ní sọ fún ọ pé kí o má kà á sí. Clarence Thomas, adájọ́ aláwọ̀ dúdú ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, kẹ́kọ̀ọ́ òfin jáde ní Yunifásítì Yale ní 1974. Ó ti sọ bí àwọn iléeṣẹ́ amòfin tó lọ wáṣẹ́ ní ọ̀dọ̀ wọn ṣe ń bi í ní ìbéèrè bí ẹni pé wọn kò gbà pé ọpọlọ rẹ̀ ló gba ìwé náà fún un. Ó bínú débi pé ó yọ bébà tí wọ́n kọ iye owó sí, sẹ́ǹtì 15, kúrò lára páálí sìgá kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù ìwé ẹ̀rí Yale rẹ̀. Títí di òní ó kórìíra ètò yìí. Sonia Sotomayor, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Puerto Rico, jẹ́ adájọ́ nílé ẹjọ́ kan náà. Òun kò fi bò rí pé ètò yìí ló mú òun dé Yunifásítì Princeton láti Bronx, àdúgbò kan ní New York, ó sì jáde pẹ̀lú ipò tó ga jù lọ. Ètò kan náà ni wọ́n ń sọ, mi ò rò pé ìkankan nínú wọn ń purọ́.

Ohun tí ìwádìí fi hàn lórí rẹ̀ ṣe kedere. Nígbà tí wọ́n sọ fún àwọn obìnrin kan pé torí wọ́n jẹ́ obìnrin nìkan ni wọ́n ṣe yàn wọ́n ṣe olórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fojú kéré iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé a wo ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe pẹ̀lú, ìyẹn kò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ọ̀gá tó bá gbé ẹnì kan ga tí kò sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn yòókù ló ń fi onítọ̀hún sílẹ̀ fún ẹlẹ́nu méjì. Lọ bá ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé kó jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ka mọ ohun tí wọ́n wò kí wọ́n tó yàn ọ́. Àti pé ìfura yẹn ti wà kí ètò yìí tó dé. Ní Draper ní 1965, kò sẹ́ni tó gbé aláwọ̀ dúdú kankan ga, síbẹ̀ wọ́n ti dá wọn lẹ́jọ́ pé wọn kò mọ nǹkan kan.

Kí ni ká sọ sí ẹ̀sùn pé àwa ará òkè òkun la ń jẹ èrè wọn? Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí Johnson fọwọ́ sí àṣẹ 11246, ó fọwọ́ sí òfin ìwọ̀lú tuntun, èyí tó jẹ́ kí àwọn bíi tiwa lè máa wọ Amẹ́ríkà ní púpọ̀. Ìjà tí àwọn òbí ọ̀rẹ́ rẹ jà ló bí méjèèjì. Nínú fọ́ọ̀mù tí iléeṣẹ́ ń kọ fún ìjọba, àpótí kan ṣoṣo ló wà fún aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí wọ́n kó bàbá ńlá rẹ̀ lẹ́rú àti ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú lọ láti Èkó tòun ti ìwé ẹ̀rí yunifásítì, inú rẹ̀ ni wọ́n jọ ń kà wọ́n sí. Ju ìdajì àwọn àgbàlagbà ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ lọ ló ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ó rọrùn fún iléeṣẹ́ láti mú wa, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi àwọn ọmọ Louisiana sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Kò yẹ ká máa sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí o rán ọ̀rẹ́ rẹ létí pé àwọn ọdún tí ètò náà ṣiṣẹ́ jù, 1965 sí 1980, àwa kò tíì pọ̀ níbẹ̀ rárá. Àwọn ènìyàn tirẹ̀ gan-an ló wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ irin, ló di ọlọ́pàá, ló di akọ̀wé báńkì.

Èyí tó kan àwa gan-an ni bí a ṣe ń ṣe nísinsìnyí. Kí ìpolówó iṣẹ́ kan tó jáde ní ilé ìwòsàn tàbí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó ti wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Mo mọ iléeṣẹ́ tí gbogbo ẹ̀ka kan níbẹ̀ ń sọ Yorùbá, tí kò sì sí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan níbẹ̀. Inú wa ń dùn sí i, a ń pè é ní ìfẹ́ ara ẹni. Ohun tí àwọn tó ń to irin ní Philadelphia ń ṣe nìyẹn o. O ti di ọ̀gá lórí ènìyàn mẹ́fà báyìí. Bí àyè kan bá ṣí lábẹ́ rẹ, fi ìkéde ránṣẹ́ sí àdúgbò ọ̀rẹ́ rẹ àti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa.

Ṣé wọ́n ti fagi lé e? Àṣẹ 11246 ti lọ. Ààrẹ Donald Trump fagi lé e ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 2025, kò sì sí agbaṣẹ́ṣe tí ìjọba tún ń mú kọ góńgó lórí àwọ̀ tàbí lórí obìnrin mọ́. Ti àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ṣì wà, torí òfin Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ló gbé tiwọn ró. Ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní oṣù kẹfà 2023 tí gbogbo ènìyàn ń sọ, èyí tó ní kí wọ́n má wo àwọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé sí yunifásítì ni, kì í ṣe ti iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kó ìbẹ̀rù bá ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́. Ní oṣù kẹfà 2025, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tún fẹnu kò pé ẹni tó wà lára àwọn tó pọ̀ jù láwùjọ, tó ní wọ́n ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí òun, kò nílò ẹ̀rí tó ju ti ẹlòmíràn lọ. Èyí túmọ̀ sí pé bí akẹgbẹ́ rẹ bá gbà lóòótọ́ pé àwọ̀ ló gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́ ṣí sílẹ̀ fún un. Apá keje òfin 1964 wà níbẹ̀ digbí fún òun àti ìwọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Kọ ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í sábà di ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bó bá tún un sọ, tàbí tó di pé wọ́n ń kọ àṣẹ rẹ, wọ́n ń fi iṣẹ́ pamọ́ fún ọ, fi lẹ́tà tó ọ̀gá àti ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ létí, kí o mú ẹ̀dà kan pamọ́ sílé. Bí wọn kò bá dá sí i, EEOC ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Ọjọ́ 180 ni wọ́n ń kà láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ tó ní iléeṣẹ́ tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, ó lè tó 300, ṣùgbọ́n má dúró de ìyẹn, 180 ni kí o fi sọ́kàn.